Ilẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Mu Ún

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Kékeré,
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Sùúrùlérè,
Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 1977.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọlápàdé,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá wa láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ẹní àìsàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, mo wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń ṣiṣẹ́. Àlàáfíà ni mi ò lè sọ pé mo ní, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé gígùn báyìí sí ọ, èmi tí ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lẹ́tà mi kì í ju ìlà mẹ́rin lọ.

Tìrìmísíyù awakọ̀ jíṣẹ́ rẹ. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi ní Múṣín lọ́jọ́ Ẹtì, ó fún mi ní lẹ́tà, ó sì fún mi ní ìgò ọtí tí wọ́n fi páálí wé bí ọmọ tuntun. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. O ní Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé ará Èkó wá sí Abà Oyèníran, pé ó fẹ́ ra igbó wa tó wà létí odò Oníyanrìn, pé yóò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, yóò sì kọ́ ilé tí wọn yóò ti máa fi ẹ̀gẹ́ náà se ṣẹ́pẹ́, ọtí ògógóró. O ní gbogbo ẹbí ti pé jọ, pé ẹ ti ta ọtí tó gbé wá sílẹ̀ fún Bàbá wa tó ti lọ, ẹ sì ti mu ún kárí. Ó ku ìpín àgbà. Èmi ni Dáwódù. Bí mo bá ti tọ́ ọ wò báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ilẹ̀ ti di tirẹ̀. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà fi kan ẹnu, kí a lè tọwọ́ bọ̀wé." Ọlápàdé, mi ò tíì fi kan ẹnu o. Jókòó, kí o gbọ́ ìdí rẹ̀.

O ní ọkùnrin náà sọ fún yín pé òun mọ̀ mí, pé bí ọmọ ìyá la jẹ́. Hẹ̀n-ẹ́n. Ó mọ̀ mí lóòótọ́. Èmi ni mo jó dírọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó fi se ọtí l'Ékòó. Ní 1971 ló wá bá mi, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu níwájú, ó ní kí n bá òun fi irin pa ẹnu dírọ́ọ̀mù dé, kí n jó páìpù bàbà mọ́ ọn, kí páìpù náà gba inú ọpọ́n omi tútù kọjá kó tó yọrí sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Mo ṣe é dáadáa, ooru ò yọ níbì kankan. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mò ń gbé yìí gan-an ló gbà lọ́wọ́ onílé láti fi ṣe ibi iṣẹ́. Ta ló mú un mọ onílé? Èmi náà ni.

Mi ò ní pe ara mi ní ẹni mímọ́. Mo jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin lónìí, láti ara dírọ́ọ̀mù Abọ́dúndé ni mo ti rí i rà, ẹ̀yin náà sì jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣe òrùlé ilé Màmá. Nígbà náà, ẹmu ògùrọ̀ ló fi ń se ọtí. Lọ́rì ń kó o wá láti àbàtà ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹmu ti ń kan fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò béèrè ju pé kí a gbé e kaná lọ, ìdì igi méjì á se dírọ́ọ̀mù kan yanjú. Àfi ìgbà tí adẹ́mu wá sọ lọ́jọ́ kan pé igi ti ń tán nínú àbàtà àwọn. Wọ́n ti ń dá ẹmu lára igi kan náà láìjẹ́ kó sinmi, igi ń kú lórí ìdúró. Abọ́dúndé ò tilẹ̀ ní kí wọ́n rọra ṣe é. Ohun tó sọ ni pé, "Èkó ò ní torí igi pa òǹgbẹ mọ́ra." Àwa tí a jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀rín tèmi ló le jù.

Jẹ́ kí n wá sọ ti kòtò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi gan-an wà. Dírọ́ọ̀mù kan kì í mú ju kẹ́ẹ̀gì ọtí kan jáde. Gbogbo ìyókù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ dà á síbì kan. Èmi ni mo júwe ibi tí wọn ó gbẹ́ kòtò sí, lẹ́bàá ògiri, ìṣísẹ̀ méjìlá sí kànga. Ìyá Sàúdátù jáde sí wa lọ́jọ́ náà. O rántí rẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó fún ọ ní ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tí o wá wò wá lọ́dún yẹn. Òun ló gbẹ̀bí Adéfúnmiláyọ̀ ọmọ mi. Omi kànga ilé wa ló fi ń ṣe ògì, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi máa ń wá bẹ̀bẹ̀ fún garawa kan nígbà ààwẹ̀. Ó ní, "Àkàngbé, ṣé kòtò yẹn ò sún mọ́ kànga jù?" Èmi ọlọ́gbọ́n ayé wá dáhùn pé, "Ìyá, ẹ má mikàn. Ṣebí bí a bá fẹ́ mutí, ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń ta á fún? Ilẹ̀ kì í kọ ọtí, ilẹ̀ kì í sì í yó." Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Abọ́dúndé ti sọ ọ́ di orin, bí wọ́n bá ti ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí kòtò, wọ́n á ní, "Ilẹ̀, gba tìẹ!"

Ọdún Údójì dé, owó bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, láti Múṣín dé Ojú Ẹlẹ́gbà ni wọ́n ń mutí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sọ́run. Ẹmu ò ká a mọ́. Abọ́dúndé bọ́ sórí ṣúgà. Ẹmu kì í béèrè omi, omi rẹ̀ ti wà lára igi. Ṣùgbọ́n ṣúgà, dírọ́ọ̀mù omi lódindi ló ń gbà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á ti yí kànga ká, wọ́n á fa ti ṣúgà, wọ́n á fa ti ọpọ́n tó ń tu páìpù lára, àwọn obìnrin ilé á to garawa sílẹ̀, wọ́n á máa wojú ara wọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣúgà sì yàtọ̀ sí ti ẹmu. Ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n rẹ somi tí wọ́n gbàgbé. Gbígbóná ni wọ́n ń dà á sí kòtò. Koríko ẹ̀gbẹ́ ògiri kú. Mo rí i pé ó kú, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tó yá, ṣúgà wọ́n, ó wá di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún. Ìgbà yẹn ló bọ́ sórí ẹ̀gẹ́, tí a ń pè ní pákí níbí. Àbúrò mi, ibí ni kí o ti fetí sílẹ̀, torí òun ló fẹ́ wá fi se ọtí lọ́dọ̀ yín. Ẹmu ń bọ̀ láti oko gẹ́gẹ́ bí ọtí, ṣúgà ń bọ̀ pẹ̀lú adùn rẹ̀, pákí ò mú nǹkan kan lọ́wọ́ bọ̀. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á da omi ara rẹ̀ nù. Ṣé o rántí ewúrẹ́ Màmá tó mu omi ẹ̀gẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré, tí ikùn rẹ̀ wú, tó kú kó tó di alẹ́? Omi yẹn náà ni mò ń wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sè é, wọ́n á po ọkà bàbà tí wọ́n ti rẹ títí tó fi hù mọ́ ọn, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan, kí wọ́n tó tún gbé e kaná kó tó di ọtí. Iná ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọtí kan! Lọ́rì igi tó ń tó o lò fún oṣù kan nígbà ẹmu, kò pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Nígbà tí igi wá gbówó lórí, àlòkù táyà ni wọ́n ń yí wá láti ọ̀nà Ládìpọ̀, wọ́n ń tì í bọ iná. Èéfín dúdú á bo gbogbo àdúgbò. Adùnọlá ìyàwó mi kò lè sá aṣọ funfun síta mọ́, a sì ń húkọ́ bí àwọn tó ń mu tábà.

Oṣù Kẹsàn-án èṣí ni omi kànga yí padà. Ìyá Sàúdátù ló kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló ń fi omi ṣòwò. Ògì rẹ̀ ń rùn, ó sì ń pọ́n. Àwọn oníbàárà ní ó ti ń lo àgbàdo tó ti jẹrà. Ìyá yìí pààrọ̀ àgbàdo, ó pààrọ̀ asẹ́, ó bá ẹni tó ń bá a lọ̀ ọ́ jà títí wọ́n fi kọ ara wọn sílẹ̀. Níkẹyìn, ó pọn omi sínú abọ́ funfun, ó gbé e wá síwájú mi. Omi náà rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Bí mo ṣe mọ òórùn ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ṣe mọ òórùn yẹn. Mo sì la ẹnu mi, mo ní bóyá ewé ló já sínú kànga. Irọ́ ni mo pa fún ìyá arúgbó, nítorí dírọ́ọ̀mù mẹ́ta tí Abọ́dúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n jó fún òun.

Irọ́ náà ò pẹ́ kó tó dé ilé mi. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Adéfúnmiláyọ̀, ó ń yàgbẹ́, ó ń bì, ara rẹ̀ gbẹ bí ẹja gbígbẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù. Dókítà bi wá pé irú omi wo ni à ń mu nílé. Adùnọlá yíjú, ó wò mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè é. Mi ò kọ̀wé sí yín nígbà náà nítorí ojú tì mí. Láti ìgbà náà, omi àwọn mẹ́ruwà tó ń kiri omi là ń rà, tín-ǹ-tín la sì ń lò ó, ìyàwó mi ò sì bá mi tàkúrọ̀sọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi káàárọ̀, ó tán.

A ké sí wolé-wolé. Ó dé, ó fi ìwé lábẹ́ abíyá, ó yọjú wo kànga, ó yọjú wo kòtò, ó sì bá Abọ́dúndé wọ inú ilé lọ. Nígbà tó jáde, ó ní kí àwa ayálégbé tọ́jú àyíká wa dáadáa, kí a má ṣe máa da omi ọṣẹ sílẹ̀. Ó gbé ohun kan tí wọ́n fi páálí wé sábẹ́ abíyá kejì. Ṣé o rí i pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni Abọ́dúndé máa ń wé ọtí fún?

Mo wá lọ bá Abọ́dúndé fúnra mi. Mo ní kó dí kòtò náà, mo ní kó wá nǹkan ṣe sí kànga, mo ní ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Wẹ́dà, ṣebí ìwọ náà lo sọ pé ilẹ̀ kì í yó?" Ọlápàdé, mo ti gbọ́ èébú rí láyé mi. Èyí kì í ṣe èébú, ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ni. Mo yí padà lọ sílé.

Ìyá Sàúdátù kó lọ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ogún ọdún ló lò nínú ilé yìí, ìkòkò ògì mẹ́fà ló tò sí ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò bá a gbé, nítorí òórùn wọn. Ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ mọ́. Mo ní kí n bá a gbé ẹrù, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò ṣépè. Ì bá ti ṣépè fún mi, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Àkàngbé, ilẹ̀ ti yó o." Ó sì fa ìborùn rẹ̀ borí, ó lọ. Wọ́n máa ń sọ pé kò sẹ́ni tí í bá omi ṣọ̀tá. Èmi bá a ṣọ̀tá, èmi tí mo gbọ́n.

Ṣé o wá mọ ìdí tí Abọ́dúndé fi rìn dé Abà Oyèníran báyìí? Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹ̀gẹ́ yín. Omi ibí ti bàjẹ́ débi pé kò ṣe é fi tu páìpù rẹ̀ lára mọ́, páìpù ń dí. Ó nílò omi tó mọ́, odò Oníyanrìn ló rí. Igi ńkọ́? Ó ti rí igi emi tí Màmá ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí, ó ti rí igi igbá tí gbogbo obìnrin abà ń ká fi ṣe irú. Lójú rẹ̀, igi ìdáná ni gbogbo wọn. Ọdún méjì ò ní pé tí igbó yẹn á fi mọ́ bí ojúde. O kọ ọ́ pé ó ṣèlérí alùpùpù fún ọ. Ó dáa. Bí Màmá bá fẹ́ pọn omi, ìwọ ni yóò máa fi alùpùpù gbé e lọ wá omi ní abúlé tó jìnnà, àbí? Bàbá wa fi ọwọ́ gbẹ́ yanrìn etí odò yẹn kí a lè rí omi mu lọ́dún ọ̀dá, ẹ wá ta ọtí Abọ́dúndé sílẹ̀ fún un lórí pé ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Ẹ ò tilẹ̀ tijú òkú.

Mo mọ̀ pé ìnira wà nílé. Mo mọ̀ pé òjò ò rọ̀ dáadáa léṣìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́, ẹ gbin ẹ̀gẹ́, ẹ yan gààrí, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á yó, èèpo rẹ̀ á bọ́ ewúrẹ́, yóò sì ku omi sódò. N óò fi ohun tí ọwọ́ mi bá ká ràn yín lọ́wọ́ láti ra irúgbìn. Ṣùgbọ́n ìpín àgbà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò mu ún, mi ò sì ní mu ún láéláé. Bí ìpín Dáwódù kò bá sì ti kan ẹnu Dáwódù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí a jọ sọ. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, kó wá bá mi l'Ékòó, kó wá fi omi kànga wa fọ ẹnu rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ìgò yín ń bọ̀ padà lọ́wọ́ Tìrìmísíyù, ó kún dé ọrùn.

Má bínú pé mo le mọ́ ọ. Ẹni tí iná ti jó rí ló ń pariwo báyìí. Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ yìí yé yín kí ó tó pẹ́. Kí odò Oníyanrìn má gbẹ, kó má sì bàjẹ́ lójú Màmá. Kí ẹ máa bu omi mu láìwo inú igbá lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ yín á dàgbà lójú yín, wọn ò ní sùn ní ọsibítù. Bá mi gbá Màmá mọ́ra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ bàbá rẹ, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ba omi ilé rẹ̀ jẹ́,

Àkàngbé Oyèníran.

Mo tún ní láti sọ èyí: ohun tó wà nínú ìgò náà kì í ṣe ọtí yín. Mi ò da ọtí yín sílẹ̀ o, ilẹ̀ ibí ti yó. Mo fi í fọ ọ̀rá kúrò lára irin ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ti wúlò. Omi kànga wa ni mo rọ sínú ìgò. Pe gbogbo ẹbí jọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pé jọ lọ́jọ́sí, ẹ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ ta á sílẹ̀ fún Bàbá, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e kárí. Bí ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó mu ún, ẹ ta ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣí i, jọ̀ọ́, kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.